Má Gbà Kí Wọ́n Da Omi Sílẹ̀ Níbi Ìdà Irin

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ṣì máa ń dùn mí tí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ oko, ẹni tó bá sì ní kí n má lọ mọ́, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fà á. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní ẹ̀gúsí tí o ní kí òun bá ọ sá ti gbẹ, kí o wá gbé e kí eku tó bá ọ jẹ ẹ́.

Tísà Fọlákẹ́ tó ń gbé ilé kejì ló ń bá mi kọ ìwé yìí. O mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Àdéhùn wa ni pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe, kó má sì ki Òyìnbó bọ̀ ọ́ láàárín. A ti jà lẹ́ẹ̀kan lórí rẹ̀. Èmi ni mo borí.

Nígbà tí o pè mí lórí fóònù, tí o ní, "Bàbá mi, wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá níbi ìdà irin," mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, o sì rò pé inú mi ò dùn. Àdùkẹ́, bí o ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó sórí ìtì igi, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ yọjú, ó ní kí ló ṣe mí. Mo ní, "Ọmọ rẹ ti di ọ̀gá iná." Ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ tèmi kẹ̀? Ọmọ tó máa jókòó jẹ́ẹ́ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo bí. Èyí tó ń bá iná ṣeré yẹn, ìwọ lo bí i." Mo gbà. Èmi ni mo bí ọ. Jẹ́ kó wà nínú ìwé.

Mo tún rántí ọjọ́ tí o ní iṣẹ́ irin lo fẹ́ lọ kọ́ ní pólì, tí mo ní ó di èèwọ̀, pé nọ́ọ̀sì ni o máa ṣe. O kò jẹun tèmi nílé yìí fún ọjọ́ mélòó kan. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ lo ti ń jẹun, tí o bá wá dé, wàá kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí àlejò. Ìkí yẹn ló ṣẹ́gun mi, kì í ṣe ebi. Orí kunkun tí o fi bá mi jà lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi lo ti jogún rẹ̀, mo sì fẹ́ kí o lò ó nísinsìnyí, nítorí ọ̀rọ̀ kejì tí o sọ lórí fóònù.

O ní ọdún Ògún àwọn òṣìṣẹ́ yín ti sún mọ́. O ní lọ́dọọdún, kí wọ́n tó da irin yíyọ́ àkọ́kọ́ ọjọ́ náà sínú mọ́ọ̀dù tó máa dì sí, wọ́n máa ń gbé igbá omi tútù wá síwájú ibi ìdà irin, wọ́n á ta á sílẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. O ti sọ fún wọn pé lọ́tẹ̀ yìí, omi kò ní kan ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn náà sì ti sọ fún ọ pé bí omi kò bá kan ilẹ̀, ọwọ́ àwọn kò ní kan iṣẹ́. Ọ̀gá àgbà yín wá ní kí o lọ bá wọn yanjú rẹ̀, pé bí iṣẹ́ bá dúró lọ́jọ́ náà, òun á fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ. O bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé kí n gbà fún wọn lẹ́ẹ̀kan péré?" Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó.

Mo ti rò ó. Má gbà. Ẹ̀ẹ̀kan tí o ń wí yẹn gan-an ni kí o má gbà.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu. Èmi tí mo ń bọ Ògún láti kékeré, tí ìyá rẹ fà títí kó lè mú mi dé ṣọ́ọ̀ṣì tí kò rí mi mú, ó yẹ kí n gbè sẹ́yìn wọn. Ohun tí àwọn náà rò nìyẹn. Wọ́n wá bá mi níbí lánàá.

Ògúndélé ará Inísà, fóòmánù rẹ, ló ṣíwájú. Sùbérù tó ń wa kréènì ló tẹ̀lé e. Mò ń to èbù iṣu lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn ilé nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ bu àgbàdo sísè fún wọn. Ògúndélé kò jẹ. Sùbérù jẹ tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ti Ògúndélé.

"Bàbá," Ògúndélé ní, "ẹjọ́ la wá sùn. Ẹ bá wa bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀."

"Ta ni ọ̀gá yín?"

Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀. "Ọmọ yín náà ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló ṣe fún yín?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan fún wa, Bàbá. Wọ́n mọ iṣẹ́, mi ò ní parọ́. Àmọ́ wọ́n ní a ò gbọdọ̀ da omi fún Ògún. Ẹ̀yin àgbà lẹ ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Pásítọ̀ ló ń bá wọn sọ ọ́."

Sùbérù fi àgbàdo sẹ́nu dá sí i. "Èmi Mùsùlùmí ni o, Bàbá. Mi ò bọ nǹkan kan. Àmọ́ òkè lèmi máa ń wà, tí irin yíyọ́ ń mì jolojolo nísàlẹ̀ mi. Tí Ògún bá máa bínú, kó má ṣáà bínú sí kréènì tèmi."

Mo ní, "Sùbérù, ìwọ tí o kò bọ ọ́, báwo ló ṣe máa mọ kréènì rẹ yàtọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ògúndélé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò náà ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà..."

"Kò lè lákìísà bí àgbà," mo bá a parí rẹ̀. "Mo gbọ́. Ògúndélé, àkísà tí ò ń wí yẹn, èmi ni mo ni ín. Jókòó dáadáa kí n tú u fún ọ."

Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ fún ọ. O ti gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n o kò gbọ́ ọ tán, nítorí ìyá rẹ kì í fẹ́ kí n sọ ọ́ tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu ló ń gbìn ní Òkukù níbí. Nígbà tí mo ní mò ń lọ sí Èkó lọ ṣiṣẹ́ irin, ó ní, "Irin kì í hù. Kí lo fẹ́ lọ gbìn níbẹ̀?" Mo lọ. Ilé iṣẹ́ tí mo bá ara mi, irin àlòkù ni wọ́n ń yọ́, wọ́n á dà á sí mọ́ọ̀dù, á di ọ̀pá irin. Àwa ará ìhín pọ̀ níbẹ̀. Bàbá Ajíbádé ni àgbà wa, òun ló máa ń da omi lọ́jọ́ ọdún Ògún. Ọ̀rẹ́ mi ni Láyíwọlá, ará Ìbà. Yàrá kan, ẹní kan ni a jọ ń lò. Òun ló máa ń fi ọ̀pá gígùn gbá ìdàrọ́, ìdọ̀tí irin, kúrò lórí irin yíyọ́, bó bá sì ń gbá a, á máa kọrin. Ohùn rẹ̀ burú. A máa ń sọ fún un pé iná ló ń sá fún orin rẹ̀ ni irin fi ń tètè yọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí, Bàbá Ajíbádé da omi bó ṣe máa ń dà á. Gbogbo wa dáhùn, "Àṣẹ." Ohùn tèmi ròkè dáadáa. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú, omi náà ṣàn lọ sínú ihò kékeré kan lẹ́bàá mọ́ọ̀dù, ó dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kréènì gbé garawa irin yíyọ́ dé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti dà á, irin díẹ̀ sì ta sílẹ̀. Kò ju ohun tó máa kún ife lọ. Irin a máa ta sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá bá ilẹ̀ gbígbẹ, á pọ́n, á dì, a ó gbá a dànù. Lọ́jọ́ náà, ó bá omi. Ó bo omi náà mọ́lẹ̀.

Èmi ò lè sọ bí ìró rẹ̀ ṣe rí, etí mi ti di kí n tó mọ̀ pé ìró ni. Ohun tí mo rí ni pé páànù òrùlé ṣí, iná sì ń rọ̀ lé wa lórí bí òjò. Láyíwọlá ló sún mọ́ ọn jù.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò bá wa padà wá. Èmi ni mo gbé àpótí aṣọ rẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìbà. Màmá náà jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n sọ ohun tó pa ọmọ àwọn. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní, "Omi? Omi tí mo fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n kò bá mi jà, wọn ò sunkún lójú mi, wọ́n kàn gbójú kúrò lára mi, wọ́n ń wo àmù tó wà ní igun ilé bí ẹni ń wo ẹni tó da àwọn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ dé ibẹ̀ lánàá, Sùbérù ti gbé àgbàdo sílẹ̀.

Ògúndélé ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń dà á tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀."

Ìbéèrè gidi ló bi mí, mi ò sì bú u. Mo ní ìyẹn gan-an ló ń pani. Ẹni tó ń gba abẹ́ igi àgbọn kọjá lójoojúmọ́ tí àgbọn kò já lé lórí, kì í ṣe pé àgbọn kò wúwo. Mo ní ẹni tó da omi síwájú lójú ọ̀nà oko, ilẹ̀ tútù ló máa tẹ̀. Ẹni tó da omi síwájú níbi ìdà irin, iná ló máa tẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni òwe kan ń bá lọ.

Àdùkẹ́, ìwọ lo là mí lójú sí ìdí rẹ̀. Mo ti rí ohun tí omi ṣe, ṣùgbọ́n mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é títí tí o fi dé fún ìsinmi lọ́jọ́ kan, tí ìyá rẹ ń yan gúgúrú. O ní, "Bàbá mi, ẹ wò ó, omi díẹ̀ tó há sínú àgbàdo gbígbẹ ló fẹ́ jáde tí kò rọ́nà, òun ló fọ́ èèpo rẹ̀." O ní omi tó bá wà lórí irin yíyọ́ á hó, á di ooru, á lọ, ṣùgbọ́n èyí tí irin bá bò mọ́lẹ̀ kò rí ibi gbà, ó sì gbọ́dọ̀ jáde. Mo jókòó, mo ń wo gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò, Láyíwọlá ń bọ̀ wá sí mi lọ́kàn. O rò pé mi ò gbọ́ ohun tí o sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé owó ilé ìwé rẹ kò ṣòfò.

Wàyí o, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. O mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Gbọ́ ọ náà.

Èkíní, omi kì í ṣe ti inú igbá nìkan. Òjò tó ń gba páànù jíjò wọlé, omi ni. Garawa irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi amọ̀ tẹ́ nínú, bí iná kò bá tíì mú un gbẹ dénú, omi ni. Mọ́ọ̀dù tó sùn mọ́júmọ́ nínú ọ̀rinrin, omi ni. Píọ́ wọ́tà tí ẹnì kan fi eyín ya, tó mu ún dé ìdajì, tó wá sọ ọ́ sórí irin àlòkù, òun ni mo kórìíra jù nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n má torí rẹ̀ fi omi mímu du wọ́n o. Ooru ibẹ̀ ń pani bí iná ṣe ń pani. Mo rí ọkùnrin gìrìpá tó ṣubú lulẹ̀ bí àpò gààrí nítorí pé kò mu omi láti àárọ̀. Wá ibì kan tó jìnnà fún omi mímu, kí ó ní ìbòjì, kí o sì máa lé wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mu omi tán, inú rẹ̀ ni kó gbé e padà wọlé.

Èkejì, irin àlòkù. Ohunkóhun tó bá ní inú, tó sì ní ìdérí, ọ̀tá rẹ ni. Sílíńdà gáàsì, ṣọ́ọ̀kì mọ́tò, agolo tí wọ́n tẹ̀ pa, páìpù tí wọ́n fi òòlù lu ẹnu rẹ̀ méjèèjì pa tí òjò ti wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń kó o wá kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ̀n ni tiwọn. Jẹ́ kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ ṣí lójú rẹ kó tó dé ibi iná. Bí wọ́n bá ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Aṣọ ló kàn. Nígbà tí mò ń fẹ́ ìyá rẹ, mo ra ẹ̀wù tẹ́rílíìnì kan tó ń dán bí ẹ̀yìn ọ̀bọ̀ǹbọ̀n. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo mọ̀ pé ó máa gba ẹnu géètì wa kọjá. Iná tó ta sí mi léjìká kò tó hóró àgbàdo. Bó bá jẹ́ òwú, á jó ihò, á sì kú. Ẹ̀wù yẹn yọ́, ó lẹ̀ mọ́ mi lára bí oje igi, nígbà tí wọ́n sì máa bọ́ ọ, awọ mi bá a lọ. Àpá tó wà ní èjìká mi tí ẹ máa ń bi mí nígbà tí ẹ kéré, tí mo máa ń sọ pé ẹfọ̀n ló kàn mí, òun nìyẹn. Ìyá rẹ wá kí mi, ó wo èjìká mi, ó ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni àbí ẹ̀wù?" Nítorí náà, òwú, Àdùkẹ́. Òwú nípọnnípọn, láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Kí ṣòkòtò bo bàtà níta, kí wọ́n má ki í bọ inú bàtà, torí irin yíyọ́ tó bá wọ inú bàtà kò ní ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Kí bàtà náà jẹ́ èyí tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ gbọ̀n dànù, kó má jẹ́ olókùn.

Ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, Tísà ló ń kà á. Kí ẹnikẹ́ni má gba abẹ́ garawa irin yíyọ́ kọjá. Kì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà, kì báà jẹ́ ọba. Sọ fún Sùbérù pé bó bá rí ènìyàn lábẹ́ rẹ̀, kó dúró gbọn-in lókè níbẹ̀, kó fọn fèrè títí onítọ̀hún á fi sá. Ó fẹ́ràn ariwo, á dùn mọ́ ọn.

Èyí tí mo máa sọ yìí, àwọn ará ìlú ńlá kò ní mọ̀ ọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin rẹ ló ní oko. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ó di àkókò iṣu gbígbìn, wọ́n á kọ ebè láti ìdájí títí ọ̀sán, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wá síbi iṣẹ́ lálẹ́, wọ́n á sì sọ pé kò rẹ àwọn. Irọ́ ni. Èmi náà pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ kì í gbà pé ó rẹ òun, ìtìjú ni lójú rẹ̀. Wo ojú wọn bí wọ́n bá ń wọlé ní àkókò yẹn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, fún un ní iṣẹ́ tó jìnnà síná, má sì pè é ní ọ̀lẹ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Sọ pé ìwọ lo nílò rẹ̀ níbòmíràn.

Bí o bá sì rí ohun tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, dá iṣẹ́ dúró. Má dúró gba àṣẹ. Wọ́n á kùn, ọ̀gá àgbà á sọ pé irin ti ń dì nínú garawa. Jẹ́ kó dì. Irin tó bá dì, a máa tún un yọ́. Ènìyàn tó bá jóná, ta ni yóò tún un dà?

Ní ti Ògúndélé, má fojú ọ̀tá wò ó. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tó ń dúró síwájú irú iná bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ń wá ohun tó máa di ara rẹ̀ mú, omi inú igbá sì ni ohun tó bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣíwájú rẹ̀. Bí o bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi nǹkan kan dí i, ó máa bá ọ jà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Má wàásù fún un. Má sọ pé Ògún kò sí. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ dára, mi ò bá ọ jà lórí rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí o bá dárúkọ Jésù sí ọ̀rọ̀ omi yìí, o ti fi idà lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ omi àti iná ni, jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Kí o sì fi Ògúndélé ṣe olórí àwọn tí yóò máa yẹ ilẹ̀ àti mọ́ọ̀dù wò kí irin tó dé. Kí ó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni gbogbo yín á máa wò, pé bó bá ní ilẹ̀ kò gbẹ, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Wàá rí i pé kò sí ẹni tó máa lé omi bí i tirẹ̀.

Ohun tí mo bá wọn fẹnu kò sí lánàá nìyí. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹni tó ń bọ Ògún bá yín ṣe ọdún?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé òun gan-an ni àwọn bá wá. Mo ní, "Ó dáa, èmi ni mo máa ṣe é." Inú Ògúndélé dùn, ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dúró. Mo ní ìta géètì la ti máa ṣe é, ní ẹ̀bá títì, níbi tí irin yíyọ́ kò lè dé láéláé. Iṣu sísun ni mo máa gbé wá, àti obì, àti epo. Ẹni tó bá fẹ́ da omi, kó dà á níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ wa á fi rì. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe àdúrà tán, gbogbo igbá á wà níta. Ẹni tó bá gbé omi kọjá géètì, orí èmi ni kó gbà kọjá.

Ògúndélé padà jókòó. Ó ní, "Bàbá, tí àwọn tó kù ò bá gbà ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n á gbà. Ìwọ lo máa sọ fún wọn."

Sùbérù ní, "Èmi ti gbà o. Ṣé iṣu yẹn á tó?"

Nítorí náà, fọkàn balẹ̀. Ògúndélé kò ṣèlérí fún mi. Ó kàn ní òun á bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń dìde, bí ẹni tó ń rò bó ṣe máa rí bí kò bá sí níbẹ̀. Ó tó mi. Bí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀, tí wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n gbà á. Wá sílé, gbé ẹ̀gúsí rẹ, orí ìdúró ni mo máa ti kí ọ, bí a ṣe ń kí ẹni ńlá. Mo fẹ́ràn kí wọ́n sọ níbi iṣẹ́ yín ní Ìkìrun pé ọmọ mi kò ṣe ọ̀gá mọ́ ju kí n tún gbé àpótí aṣọ lọ fún ìyá ẹlòmíràn lọ.

Iná kò ní rí ọ mú. Ohun tí o ń dà kò ní dà ọ́. Ọwọ́ rẹ á máa ròkè, ọ̀rọ̀ rẹ á máa wọlé sí wọn létí. Bí mo ṣe ń fi ọ́ yangàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe máa fún ìwọ náà ní ohun tí o máa fi yangàn.

Ó ku nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà, bí a bá ti ṣe tìta tán, mo fẹ́ bá yín wọlé, kí n dúró lẹ́yìn ìlà tí ẹ bá fà fún àlejò, kí n wo irin tí ọmọ mi ń dà. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń wọ ibẹ̀ láìdé àkẹtẹ̀ líle. O mọ̀ mí. Mi ò kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni ní Òkukù, wọ́n sì ti bá mi ṣẹjọ́ lórí rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Lọ́jọ́ náà, níwájú Ògúndélé àti Sùbérù àti gbogbo àwọn ọkùnrin rẹ, kí o na àkẹtẹ̀ yẹn sí mi, kí o sì sọ ọ́ sókè pé, "Bàbá mi, ẹ ṣí fìlà." Màá ṣí i. Má fi ojú àánú wò mí, má sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Àmọ́ orí mi tóbi. Bá mi wá èyí tó máa gbà á.

Èmi ni,
Bàbá rẹ ní Òkukù